Àmì Àtàǹpàkò Jory

Ọmọ mi Jory kò fi ọmọ sílẹ̀, kò sì fi ilé sílẹ̀. Ìbọn kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún wa, ìbọn ìdíje tí ó ṣe fún bàbá rẹ̀ ní ìgbà òtútù tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀, kí alùpùpù tó pa á lójú ọ̀nà tútù nítòsí Bodmin. Iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ ìbọn ló kọ́, ó sì mọ̀ ọ́n. Èmi ìyá rẹ̀ ni mo sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò bá gbà, kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Nínú irú ìbọn bẹ́ẹ̀, ibi tí irin ti sùn sínú igi ni gbogbo ọgbọ́n wà. Ibùsùn ni a ń pè é. Bí irin bá mì nínú igi bí ó ti wù kó kéré tó, ọta tó yẹ kó wọ àárín àmì ní ẹgbẹ̀rún yáàdì yóò lọ bá koríko. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń da gọ́ọ̀mù sínú igi, wọn yóò gbé irin lé e lórí, gọ́ọ̀mù náà yóò sì le gbagidi, títí irin yóò fi bá ibùsùn rẹ̀ mu bí ẹsẹ̀ ṣe ń bá bàtà àtijọ́ mu. Nígbà tí Jory ń ṣe ti bàbá rẹ̀, gọ́ọ̀mù díẹ̀ ṣẹ́ kù ní ìkángun, ó sì tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ọn kó tó gbẹ. Gbogbo ìlà ìka rẹ̀ ló hàn níbẹ̀.

Ó ní, “Mo ti fọwọ́ sí i, Bàbá. Kò sẹ́ni tó máa lè sọ pé èmi kọ́ ni mo ṣe é.”

Láti ìgbà tí a ti sin ín, nígbàkígbà tí Denzil ọkọ mi bá tú ìbọn náà láti nù ún, yóò fi àtàǹpàkò tirẹ̀ sójú àtàǹpàkò ọmọ, yóò dúró díẹ̀, kó tó máa bá iṣẹ́ lọ. Ó rò pé mi ò rí i. Ọkùnrin máa ń rò pé aya òun fọ́jú.

Lẹ́yìn ikú Jory ni ẹnu àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ambrose Tuke, akọ̀wé ẹgbẹ́ ayìnbọn wa, ẹni tí ahọ́n rẹ̀ gùn ju ìbọn rẹ̀ lọ, ní ìbọn kan tí Jory ṣe. Ó lọ tú ibùsùn rẹ̀, ó ní kí ẹlòmíràn ṣe tuntun, ó ní ti Jory ti ń mì. Ẹnìkan tún gbọ́, òun náà tú tirẹ̀. Kò pẹ́ tó fi di àwàdà nínú ilé ẹgbẹ́: “Ibùsùn Jory, òtútù márùn-ún, ó parí.” Ti Denzil nìkan ló ṣẹ́ kù. Pátákó kan sì wà lára ògiri ilé ẹgbẹ́ wa nílé ní Cornwall. Ẹni tó bá ta gbogbo wa yọ nínú ìdíje ẹgbẹ̀rún yáàdì ní pápá ìyìnbọn ńlá tó wà ní Bisley, nínú oṣù Keje, a ó kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, a ó sì kọ orúkọ ẹni tó ṣe ìbọn rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ohun tí Denzil ń lé nìyẹn. Kò wá orúkọ fún ara rẹ̀. Orúkọ Jory ló fẹ́ kó gun ògiri, kí Tuke máa wò ó nígbàkígbà tó bá ń mu ọtí.

Lọ́dún yìí, a dé Bisley, a gbé ilé onítáyà wa síbi tó máa ń wà lábẹ́ igi páìnì, mo gbé omi tíì kaná, Denzil sì lọ gba ọta. Ọta kan náà ni wọ́n ń pín fún gbogbo wa níbẹ̀. Kò sí pé ẹnìkan ń fi àkànṣe tirẹ̀ wá. Ìbọn ẹni lèèyàn yóò máa tún ṣe títí yóò fi fẹ́ràn ohun tí wọ́n pín fún un.

Ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní rẹ̀ ní ọjọ́ ìdánrawò, ìbọn ní ejìká ọ̀tún, awò-awọ̀nàjíjìn ní ẹ̀gbẹ́ ojú òsì, bí gbogbo wa ti ń ṣe é. Ojú ọ̀tún ní í wo àmì, ojú òsì ní í wo afẹ́fẹ́ lára àwọn àsíá láìsí pé èèyàn gbé orí sókè. Ọta àkọ́kọ́ wọ àárín. Èkejì lọ sókè. Ẹ̀kẹta balẹ̀ sísàlẹ̀. Àwọn tó wà nínú kòtò lábẹ́ àmì fa pátákó wálẹ̀, wọ́n lẹ àwo funfun mọ́ ojú ihò, wọ́n gbé e sókè fún wa: òkè, ìsàlẹ̀, òkè, bí ewúrẹ́ tó já okùn. Afẹ́fẹ́ máa ń ti ọta sí ẹ̀gbẹ́. Òkè àti ìsàlẹ̀ kì í ṣe ẹjọ́ afẹ́fẹ́.

Barnaby Clegg, àgbẹ̀dẹ ìbọn tó ní ahéré iṣẹ́ nínú ọgbà náà, ará Yorkshire tí kì í dákẹ́, dúró lẹ́yìn wa pẹ̀lú búrẹ́dì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lọ́wọ́.

“Denzil, ṣé àmì lò ń yìn ni, àbí o ń gbin ọ̀dùnkún?”

“Ọ̀dùnkún wà nínú orí rẹ.”

“Mò ń sọ fún ẹ ni o. Àwọn tó wà ní kòtò ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Wọ́n ní àwọn níyàwó nílé.”

Denzil rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ṣùgbọ́n Tuke wà lórí ẹní tó tẹ̀lé tiwa, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wẹ́rẹ́ bí ẹni fẹ́ so okùn bàtà.

“Òtútù mélòó ni ìbọn yẹn ti rí báyìí, Denzil?”

“Méje.”

“Háà. Ó gbìyànjú.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Denzil gbé wọ ilé. Kò jẹun. Ó tú bóòtù tó so irin ìbọn mọ́ igi, ó tún un dè, ó ní ó le jù. Ó dẹ̀ ẹ́, ó ní ó rọ̀ jù. Ó fi bébà tín-ín-rín fa àárín ọ̀pá ìbọn àti igi láti iwájú dé ẹ̀yìn, láti mọ̀ bóyá wọ́n ń fara kan ara wọn. Bébà náà kọjá láìsí ìdíwọ́. Ó fi òwú nu ẹnu ọ̀pá, bóyá òwú yóò há mọ́ ibi tó bá ti ya. Òwú kò há. Bí a bá ní ká wo dídùn ifọ̀n, a ó họra dé eegun. Ilẹ̀ mọ́, a lọ yìn ín, ọta ń gòkè, ọta ń sọ̀kalẹ̀.

Ó wá kan òrùka tó wà ní iwájú ìbọn, èyí tí a ń fi yí àmì ká. Ó ní ó ti wọ́. Ó ra òmíràn nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó sì dá a padà kí oòrùn tó wọ̀.

“Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ irin ṣe mọ́. Òrùka yìí ti tẹ̀ lápá kan.”

Ọmọkùnrin tó ń tajà gbé e sókè sí iná, ó wò ó, ó wá wò mí. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó rí róbótó dáadáa.”

Èmi náà wò ó. Ó rí róbótó bí oṣù àrànmọ́jú. Mo rò pé ìbínú ló ń sọ̀rọ̀. Tẹ́lẹ̀, Denzil kì í bá ọmọlọ́mọ jà, ó kàn jẹ́ pé láti ìgbà tí Jory ti lọ, ohun gbogbo ló tẹ̀ lójú rẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tí gbogbo ayìnbọn mọ̀. Kó o tó dá ìbọn lẹ́bi, gbé e fún ẹlòmíràn kó yìn ín. Mo sọ fún un bí a ti jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn.

“Gbé e fún Clegg kó dùbúlẹ̀ kó yìn ín.”

“Kò sọ́wọ́ ẹlòmíràn tó kàn án láti ọjọ́ tí Jory ti gbé e lé mi lọ́wọ́.”

“Èmi ńkọ́? Ṣé mi ò bí ẹni tó ṣe é ni?”

“Arẹwà mi, o ti gbé ìbọn sílẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú.”

“Mo lè tún un gbé.”

“Rárá, Morwenna.” Ó ń wo ìbọn náà lórí orúnkún rẹ̀. “Bóyá òótọ́ ni wọ́n ń sọ.”

“Àwọn ta ni?”

“Tuke. Bóyá ibùsùn ti mì lóòótọ́. Ọmọdé ni Jory nígbà yẹn. Ó lè má da gọ́ọ̀mù náà dáadáa.”

Ọdún méje ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu àwọn tí kò fẹ́ràn wa, n kò sì sunkún. Ìgbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá rẹ̀ ni mo wọlé lọ sunkún sórí àwo tí mò ń fọ̀.

Ó ní èrò tirẹ̀, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún mi títí ó fi rẹ̀ mí. Ó ní bí a bá yí ibùsùn padà, ọ̀pá ìbọn ṣì jẹ́ iṣẹ́ Jory, igi rẹ̀ náà iṣẹ́ Jory. Bí ìbọn bá borí, ta ni yóò bèèrè ohun tó wà lábẹ́ irin? Orúkọ Jory ni wọn yóò kọ. Mo ní, “Àtàǹpàkò ńkọ́?” Ó ti gbé ìbọn náà dìde.

Ní ahéré Clegg, wọ́n tú ìbọn náà sórí tábìlì. Clegg fi iná wò ó, ó fi èékánná ha ibùsùn náà, ó sì gbọn orí.

“Mi ò rí ohun tó ṣe é. Kò sán, epo ò wọ̀ ọ́. Ibùsùn tó bá ti kú, bí búrẹ́dì àná ló ṣe máa ń rún. Èyí ṣì le, Denzil.”

“Yọ ọ́.”

“Mi ò ní yọ ọ́. Ìwọ lo lọmọ, ìwọ ni kó o yọ ọ́.”

Denzil mú òòlù, ó mú irin ẹnu mímú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́, ẹ ó mọ̀ pé ibùsùn tó ti bàjẹ́ máa ń bọ́ wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Èyí bá a jà. Ó lù ú, ó ń fò kéékèèké bí òkúta, òógùn ń bọ́ láti iwájú orí rẹ̀ sínú igi. Gbogbo wa gbọ́ ohun tí ibùsùn náà ń sọ, Denzil náà gbọ́, ṣùgbọ́n òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Ó ku ìkángun ibi tí àtàǹpàkò wà.

“Wo ìta, Morwenna.”

“Mi ò wo ìta.”

Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó yọ ọ́. Ó fi irin síbẹ̀, ó gbá a, gbogbo rẹ̀ fọ́ di ìyẹ̀fun. Lẹ́yìn náà ó gbá tábìlì mọ́ tónítóní, nítorí pé onímọ̀ọ́tótó ni, ó sì dà á sínú agolo ìdọ̀tí Clegg pẹ̀lú ewé tíì àti irin wẹ́wẹ́.

Clegg da gọ́ọ̀mù tuntun. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Nígbà tó parí, ó fi ìka hàn án ní ìkángun, ó ní, “Denzil, ó ṣì rọ̀ níbí. Bó o bá fẹ́ fi ọwọ́ rẹ síbẹ̀.” Denzil ní rárá, pé àmì kan ti tó fún ìbọn kan. Ó gbàgbé pé kò sí ọ̀kan níbẹ̀ mọ́.

Ó ku ọ̀la kí ìdíje bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a gbé e padà sórí pápá. Gbogbo èèyàn ti gbọ́ pé wọ́n ti yí ibùsùn padà, wọ́n sì dúró wòran. Denzil dùbúlẹ̀, ó mí, ó yìn ín. Òkè. Ó yìn ín. Ìsàlẹ̀. Ó yìn ín. Òkè. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ọ̀dùnkún. Denzil gbé ojú lé igi ìbọn, ó wà bẹ́ẹ̀, mo sì rò pé ó ti kú.

Ó wá dìde sórí orúnkún, ó na ìbọn náà sí mi.

“Gbà.”

Mo wọ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó tóbi jù mí lọ, ó ń rùn epo àti tábà. Mo dùbúlẹ̀ sí ibi tí ara rẹ̀ ti mú kó gbóná. Igi tí ọmọ mi gbẹ́ kàn mí lẹ́rẹ̀kẹ́. Mo wo inú òrùka: ó rí róbótó, àmì dúdú jókòó sáàárín rẹ̀ jẹ́ẹ́. Mo yìn ín. Àwo funfun gòkè wá ní àárín gbùngbùn. Mo tún yìn ín. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta wọlé síbẹ̀ náà. Mi ò tíì gbàdúrà rí kí ọta mi ṣìnà. Mo gbà á lọ́jọ́ náà. Ẹ̀kẹrin wọ àárín.

Mo yíjú sẹ́yìn. Denzil ti tẹ̀ sídìí awò-awọ̀nàjíjìn, ojú òsì ló fi ń wò ó, bí ó ti ń ṣe láti ogójì ọdún.

“Denzil, fi ojú ọ̀tún wò ó.”

“Kí ló dé?”

“Di òsì. Fi ọ̀tún wò ó.”

Ó fi ọwọ́ bo òsì. Ó wò ó pẹ́.

“Kí lo rí?”

“Àsíá.”

“Àsíá ńkọ́?”

“Igi rẹ̀ ti wọ́.” Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Nǹkan dúdú kan sì wà láàárín.”

“Igi yẹn dúró ṣánṣán, Denzil.”

Ojú lọba ara. Ọba rẹ̀ ti ń kú láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, nítorí pé ojú òsì ń bá a ṣe iṣẹ́, ó ń wo àsíá fún un, ó ń ka afẹ́fẹ́ fún un, ó ń jẹ́ kó rò pé kò sóhun tó ṣe òun. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá. Kò sóhun tó ṣe ìbọn náà. Kò sóhun tó ṣe é rí.

Lẹ́yìn wa, wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́.

Tuke ló kọ́kọ́ kígbe. “Clegg! Ọwọ́ rẹ dára o! Ẹ wò ó, ó ti yá! Àárín, àárín, àárín!”

Denzil dìde. “Kò ṣàìsàn. Ojú mi ni. Ẹ gbọ́, ojú mi ni. Ibùsùn Jory dára.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Denzil,” ni Tuke wí, ó sì gbé ọwọ́ lé e léjìká, bí a ti ń ṣe fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀.

“Mo ní ojú mi ni!”

“Òótọ́ ló ń sọ, Ambrose,” ni Clegg wí. Ojú rẹ̀ pọ́n. “Mo wò ó kó tó yọ ọ́. Ó le bí òkúta.”

“Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi yọ ọ́?” Tuke wo Clegg, ó wo Denzil, kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ohun tó dùn mí jù nìyẹn. “Ó dáa. Ẹ gbé èyí tẹ́ ẹ yọ wá, ká jọ wò ó. Bó bá le, màá sọ ọ́ níwájú gbogbo ẹgbẹ́.”

Ọkọ̀ akólẹ̀ ti wá kó ìdọ̀tí Clegg láàárọ̀ ọjọ́ náà. Gbogbo wa ti gbọ́ ariwo rẹ̀ láti orí ibùsùn wa.

Tuke kò fi mọ síbẹ̀. Inú rere ló fi ṣe é, kí Ọlọ́run dárí jì í. Ó ní ààyè ṣì wà, kí èmi gbé ìbọn náà lọ sí ìdíje ní ọ̀la. Ó ní bí mo ti ń yìn ín yẹn, kò sẹ́ni tó lè bá mi du ipò nínú ẹgbẹ́ wa. “A ó sì kọ ọ́ sára pátákó dáadáa, Morwenna: Jory Trevaskis ló ṣe é, Barnaby Clegg ló tún un ṣe.”

Ẹ bá mi rò ó. Bí mo bá lọ tí mo borí, pátákó náà yóò dúró lára ògiri láti máa jẹ́rìí títí ayé pé iṣẹ́ ọmọ mi bàjẹ́, ẹlòmíràn ló gbà á là. Bí mo bá lọ tí mo kùnà, wọn yóò ní ṣé àwọn ò sọ. Bí n kò bá lọ, ohun tí wọ́n ti rí lónìí ti tó wọn. Gbogbo àmì tí mo bà, orúkọ Jory ni mò ń lù. Iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí. Mo sọ fún Tuke pé ejìká ń dùn mí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, dókítà ojú kan ní Guildford sọ ohun tí a ti mọ̀. Ó ní ẹni tí ohun tó tọ́ bá ń wọ́ lójú rẹ̀, kò yẹ kó pẹ́ kó tó wá. Ó ní ohun tó ti lọ kò ní padà.

Ọjọ́ ìdíje, a kò jáde. Mo ṣe tíì, kò sẹ́ni tó mu ún. Ìbọn ń dún lórí pápá láti òwúrọ̀, ariwo rẹ̀ ń wọ inú ilé onítáyà náà, ife ń gbọ̀n nínú àwo. Denzil tú ìbọn náà sórí tábìlì. Kò sídìí tí ó fi yẹ kó tú u, kò sí ẹni tó yìn ín lọ́jọ́ náà, kò sí ohun tí yóò nù. Ó gbé irin kúrò nínú igi, ó na ọwọ́ síbẹ̀ bó ti ń ṣe láti ọdún méje, àtàǹpàkò rẹ̀ sì yọ̀ lọ lórí gọ́ọ̀mù Clegg tó dán bí àwo. Ó dá a padà. Ó tún yọ̀.

“Morwenna.”

“Mò ń gbọ́.”

“Àtàǹpàkò yẹn. Ibo ló dorí kọ? Ṣé ọ̀pá ni, àbí ìdí?”

Mo la ẹnu. Èmi ni mo bí ọwọ́ yẹn. Èmi ni mò ń gé èékánná rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré, tó ń sunkún, tó ń pa ìka mọ́. Mo di ojú láti wo ibẹ̀, mo wá ìlà rẹ̀, mo wá orí rẹ̀. Denzil ń dúró de èsì, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú igi.

“Mi ò rántí,” ni mo wí fún un.